Orí Keje: Ohùn Ìsàlẹ̀ àti Ariwo Èkó

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Èkó ń pè ní "I better pass my neighbour" ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀tá tó sún mọ́ wa jù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí iná tó ń mú jáde lè bá 50 Hz tí iná ìjọba Nàìjíríà fi ń ṣiṣẹ́ mu. Ẹ pín 3,000 sí ọ̀nà 60, ẹ ó rí 50: ìgbà 50 ni ẹ́ńjìnnì náà ń dún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kì í sì í dún ní 50 nìkan. Ó ń kó àwọn ìró mìíràn lérí ara wọn bí àkàsọ̀: 100, 150, 200, 250, títí lọ sókè. Ní ti ènìyàn, tán-án-ná inú ọ̀fun ọkùnrin tó ti dàgbà sábà máa ń gbọ̀n láàárín ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ti obìnrin sábà máa ń wà láàárín 180 sí 250. Ẹni tó bá jókòó nínú yàrá kan ní Muṣin láti ka ọ̀rọ̀ sórí fídíò ń bá ẹ̀rọ yẹn du ilẹ̀ kan náà.

Ká ní Gẹ̀ẹ́sì là ń kà ni, ìjà náà kì bá tí le tó báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ohùn sókè sódò láti béèrè nǹkan tàbí láti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìyẹn bá sọnù, adùn rẹ̀ á dín kù, ọ̀rọ̀ á ṣì yéni. Ní Yorùbá, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ ara ọ̀rọ̀ bí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì ṣe jẹ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bá pàdé nínú áàpù tí ẹ fi ń to fídíò, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: kí ni yóò ṣe fún ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìbéèrè yẹn ni orí yìí dá lé.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ́. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí fíìmù fídíò gbòde, Sùúrùlérè ni ọ̀pọ̀ òṣèré àti olóòtú ń péjọ sí, ní àyíká Winis Hotel àti Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ dáadáa nígbà náà ní láti wá sítúdíò lọ, kó sì san owó wákàtí. Lónìí, láti Àkọkà tí Yunifásítì Èkó wà, dé Sábó ní Yaba níbi tí Co-Creation Hub fìdí kalẹ̀ sí, ọ̀dọ́ tó ní fóònù àti CapCut lè ka ìròyìn, ìtàn ìlú tàbí ẹ̀kọ́ ìlera sórí fídíò kí ilẹ̀ tó ṣú. DaVinci Resolve ní ẹ̀dà tí a kì í sanwó fún. Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́ láti ọdún 2000 tí wọ́n ti gbé e jáde. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣe é ń fi èdè wa kọ́ àwọn ìyá àti bàbá tí kò lè ka ìwé. Ohun tí wọ́n ń sọ yẹ kó dé etí àwọn àgbà wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe pè é gan-an.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù kì í ṣẹlẹ̀ nínú áàpù rárá. Bí ẹnu bá sún mọ́ máìkì dé ìdajì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ohùn tó wọlé á fi nǹkan bí 6 dB lágbára sí i. Ẹni tó gbé máìkì sí sẹ̀ǹtímítà 60, tó wá fà á mọ́ra dé 15, ti dá ọ̀nà náà sí méjì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti jèrè 12 dB. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sún mọ́ máìkì ní tirẹ̀. Ariwo rẹ̀ wà níbi tó wà. Kò sí bọ́tìnnì kan nínú áàpù kankan tó lè fún yín ní 12 dB yẹn láìgba nǹkan lọ́wọ́ ohùn yín. Ẹ má kàn sún mọ́ ọn jù. Máìkì tó ń gbọ́ apá kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń pè ní cardioid, máa ń fi kún ìró ìsàlẹ̀ tí ẹnu bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ohùn á wá wúwo, á sì ki. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín ẹnu àti máìkì dára. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀ kí èémí má bàa fẹ́ lù ú. Èdè wa tilẹ̀ ṣe wá lóore kan níbí: "p" Yorùbá, tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń pè pọ̀, kì í tú èémí sí máìkì tó ti Gẹ̀ẹ́sì.

Cardioid yìí kan náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé tí ariwo ń gbà wọlé, kí ẹ̀yin fúnra yín kọjú sí fèrèsé. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí ọkàn a máa sọ fúnni pé ká kẹ̀yìn sí ariwo. Bí ẹ bá kẹ̀yìn sí i, ojú máìkì ni ẹ dá a kọ yẹn. Ògiri tó wà lẹ́yìn yín ni máìkì ń wò; ibẹ̀ ni kí ẹ ta aṣọ tó nípọn sí, kì í ṣe ẹ̀yìn máìkì.

Nípa fóòmù, owó púpọ̀ ti ṣòfò lórí rẹ̀. Nínú ooru Èkó, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 348 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà 50: ìgbì kan ṣoṣo láti inú jẹnẹrétọ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà méje, ó gùn ju ọ̀pọ̀ yàrá wa lọ. Fóòmù tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 5 kò lè ṣe ohunkóhun fún ìgbì tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó gbé àwọn ìró kúkúrú mì, bí "s", "ṣ", "t" àti "k", kí wọ́n má bàa lu ògiri padà wá. Aṣọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: kọ́ńbọ́ọ̀dù tó kún fún aṣọ tí a ṣí sílẹ̀, mátírẹ́ẹ̀sì tí a gbé dúró, kọ́tìnì tó wúwo láti ọjà Tẹ̀júoṣó. Páálí ẹyin kò ṣe nǹkan kan tó ṣeé fojú rí. Ariwo ìta, ìwúwo ló ń dá a dúró: ògiri búlọ́ọ̀kù, àti ìlẹ̀kùn tí kò láfo. Àlàfo tó tó ìka lásán lábẹ́ ìlẹ̀kùn lè sọ gbogbo ògiri náà di asán. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tàbí ilé fúláàtì ní Muṣin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú tí kò ní fèrèsé sábà máa ń dára ju pálọ̀ tó rẹwà lọ.

Àkókò náà ṣe kókó. Òru jinjin àti ìdájí ló dára jù, kí àwọn ọlọ́jà tó jí, kí kọndọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké Ojúẹlẹ́gba. Ẹni tó ń gbé ní ẹ̀bá ojú irin ní Yaba tàbí Muṣin ti ní ohun mìíràn láti kà sí láti October 2024, tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò kọjá níbẹ̀: kó mọ ìgbà tó ń fọn fèrè, kó sì sinmi díẹ̀ nígbà náà. Ẹ pa fáànù. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ẹ lo bátìrì rẹ̀, nítorí 50 Hz iná ìjọba pẹ̀lú lè gba inú wáyà wọlé, kó máa hùn lábẹ́ ohùn yín.

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀, ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á sọ pé àwọn gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹni tó gbọ́ ọ jù lọ náà á ṣì ọ̀rọ̀ kà tó bá jẹ́ àkọ́kà, pàápàá orúkọ ìlú àti orúkọ ènìyàn. Ẹ kọ nọ́ńbà pẹ̀lú lọ́rọ̀. 1977 gba ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀ lẹ́nu Yorùbá ju bó ṣe gbà lójú ìwé lọ, àwòrán á sì ti kọjá kí ẹ tó pè é tán. Ẹ pinnu bí ẹ ó ṣe pè é, kí ẹ sì wọn àkókò rẹ̀ mọ́ àwòrán ṣáájú.

Ẹ ṣètò áàpù sí 48,000, iye ìgbà tí yóò wọn ìró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni fídíò ń lò. Kọ̀ǹpútà nílò ìwọ̀n méjì fún ìgbì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 48,000 lè gbé ìró tó ga dé 24,000 Hz, etí ènìyàn kò sì gbọ́ ju 20,000 lọ. Ẹ ka ìlà tí ẹ ó ti gbóhùn sókè jù, kí ẹ wo mítà: kí ṣónṣó rẹ̀ má kọjá −12 sí −6 dB. Òdo ni òrùlé. Ìgbì tó bá fi orí gbá òrùlé yẹn, wọ́n á gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà bó ṣe wà. Kí ẹ tó dìde, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí máìkì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Ẹ ó nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Ó kan àtúntò. Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yẹ ká fọwọ́ kàn ni high-pass filter, tó ń gé gbogbo ìró tó wà nísàlẹ̀ ibi tí a bá fi ìlà sí. Ẹ fi í sí 80 Hz, 50 Hz jẹnẹrétọ̀ àti ìgbọ̀n ọkọ̀ ńlá á kúrò. Níbí ni ìbẹ̀rù ti ń mú àwọn tó mọ èdè: bí a bá ń gé ìró ìsàlẹ̀, ṣé ohùn ìsàlẹ̀ kò ní bá a lọ? Ohùn ọkùnrin tó ki, tó bá ń parí gbólóhùn, lè sọ̀kalẹ̀ dé 80 tàbí kó tilẹ̀ kọjá rẹ̀.

Kò ní bá a lọ. Ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa etí ènìyàn. Wáyà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ìró tó bá rẹlẹ̀ ju 300 Hz lọ, kì í sì í gbé èyí tó ga ju 3,400 lọ. Fóònù alágbèéká tó dé Nàìjíríà ní 2001 jogún ìwọ̀n yẹn. Ẹ wá wò ó: tán-án-ná ọkùnrin ń gbọ̀n ní 120, ti obìnrin ní 200. Méjèèjì wà nísàlẹ̀ 300. Ìró tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ kì í gba inú wáyà yẹn kọjá rárá. Síbẹ̀ ìyá ní Muṣin ń bá ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀, wọ́n ń pa òwe, wọ́n ń ki ara wọn, ọ̀rọ̀ kan kò sì sọnù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀fun tó ń gbọ̀n ní 120 kì í mú 120 nìkan jáde. Ó ń mú 240, 360, 480, 600 jáde pẹ̀lú. Nígbà tí 120 bá sọnù, àlàfo tó wà láàárín àwọn yòókù ṣì jẹ́ 120. Etí àti ọpọlọ ń wọn àlàfo yẹn, wọ́n sì ń gbọ́ 120 tí kò sí níbẹ̀. Báyìí náà ni fóònù tí sípíkà rẹ̀ kò ju èékánná lọ ṣe ń sọ Yorùbá tó yéni. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀ gé e ní 80, kódà ní 100. Ohun tó ń pa ohùn lára ni kí a ba àwọn ìró òkè wọ̀nyẹn jẹ́, tàbí kí a gé ìparí ọ̀rọ̀.

Irinṣẹ́ tó ń dín ariwo kù lè bà wọ́n jẹ́. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ gbà sílẹ̀. Yóò kọ́ bí ariwo yàrá ṣe rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa yọ iye yẹn kúrò nínú gbogbo ohun tí ẹ kà. Ó dára fún fáànù tó ń fẹ́ lójú kan. Ṣùgbọ́n àwọn ìpele jẹnẹrétọ̀, 100, 150, 200, wà láàárín ìpele ohùn yín, ohùn yín sì ń gòkè ń sọ̀ lórí wọn pẹ̀lú gbogbo sílébù. Bí ẹ bá yọ púpọ̀, ẹ óò yọ ẹran mọ́ egungun: ohùn á dà bí ti ẹni tó wà nínú omi, àwọn ìró wẹ́wẹ́ á sì máa tàn yinrinyinrin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yọ 6 dB, ó pọ̀ jù 12, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ariwo díẹ̀ tó dúró lójú kan kì í pa olùgbọ́ lára.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni noise gate. Ó ń ti ilẹ̀kùn pa nígbàkúùgbà tí ìró bá rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, kí ìdákẹ́jẹ́ àárín gbólóhùn lè mọ́ tónítóní. Ó dà bí ẹni pé kò léwu. Ní 1976, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Jean-Marie Hombert gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí etí ṣe ń dá ohùn Yorùbá mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ onísílébù méjì. Ohùn àárín tó bá parí ọ̀rọ̀ a máa dúró pẹrẹsẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá parí ọ̀rọ̀ kì í dúró, ńṣe ló ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ìyọ̀ sísàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni etí fi ń mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni. Bó ṣe ń yọ̀ lọ náà ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Noise gate á wá wo ìrù ọ̀rọ̀ tó ń rẹlẹ̀ yìí, á kà á sí ariwo, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Olùgbọ́ á gbọ́ sílébù kúkúrú tí kò yọ̀ síbì kan. Ẹ ka "ó ra ọkọ̀" sínú rẹ̀, ẹ lè gbọ́ obìnrin tó lọ ra ọkọ lọ́jà.

Àwọn irinṣẹ́ tó ń gé ìdákẹ́jẹ́ kúrò fúnra wọn, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn nítorí wọ́n ń mú fídíò yára, ń ṣe irú nǹkan kan náà, nítorí ìwọ̀n agbára ni wọ́n fi ń pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò wọ́n, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n náà rẹlẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ní tèmi, ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é. Mo ń wo ìgbì lójú áàpù, mo ń gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ títí yóò fi tán, kí n tó gé. Ibi tí mo bá gé, mo ń fi ìdákẹ́jẹ́ yàrá dí i, nítorí ìdákẹ́jẹ́ tí kò ní nǹkan kan nínú máa ń dún létí bíi pé fídíò kú.

Compressor wúlò fún wa ní ọ̀nà àrà. Gbólóhùn Yorùbá máa ń rọra sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń lọ: ohùn òkè tó wà ní ìparí kì í ga tó ti ìbẹ̀rẹ̀, agbára èémí pẹ̀lú sì ń tán. Compressor ń tẹ ibi tó pariwo mọ́lẹ̀ kí a lè gbé gbogbo rẹ̀ sókè, ìparí gbólóhùn á sì jáde. Kì í yí gíga ohùn padà, agbára nìkan ló ń fọwọ́ kàn. 3:1 tó. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, èémí yín àti jẹnẹrétọ̀ á gòkè pẹ̀lú rẹ̀.

Mímú ọ̀rọ̀ yára nínú áàpù kò pa ohùn lára bí ènìyàn ṣe rò, níwọ̀n ìgbà tí ohun gbogbo bá gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Ohùn á kéré bíi ti ọmọdé, ọ̀rọ̀ á ṣì yéni. Irinṣẹ́ Auto-Tune tí Andy Hildebrand gbé jáde ní 1997 yàtọ̀: ó ń fa ìró kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí orin fẹ́ kó wà, kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ kó wà. Ẹ má fi í sórí ọ̀rọ̀ kíkà láéláé.

Ó ku orin abẹ́ ọ̀rọ̀, tí a sábà máa ń rẹ̀ sílẹ̀ tó 15 sí 20 dB sí ohùn. Ẹni tó ń ṣe fídíò Yorùbá á fẹ́ fi dùndún tàbí gángan sí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dùndún ń sọ̀rọ̀. Ìlù tó bá ń pe oríkì tàbí òwe lábẹ́ ẹni tó ń ka ìtàn ti di ẹni kejì tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàlagbà tó bá gbọ́ ìlù á sì fi òǹkàwé sílẹ̀ tẹ̀lé onílù. Túndé Kèlání mọ̀ ọ́n. Nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù rẹ̀ ti 1999, ìlù kì í ṣe ọ̀ṣọ́: òun ló di májẹ̀mú ọba àti ìlú mú. Ẹ jẹ́ kí ìlù sọ tirẹ̀ níbi tí ẹ ti dákẹ́. Lábẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ lo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo tó dúró lójú kan.

Fún YouTube, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ dé −14 LUFS, ìwọ̀n bí ìró ṣe ń dún sókè tó létí. Fún àwọn tẹlifíṣàn tó ń tẹ̀lé ìlànà Yúróòpù, −23. Áàpù á wọ̀n ọ́n fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan tí kò tíì rí ìwé tí ẹ kà, tí Yorùbá sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀. Ẹ fún un ní fóònù lásán, láìsí íápíìsì, kó dojú rẹ̀ délẹ̀ kó má rí àwòrán, kó sì máa tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ mú bírò dání. Ibi tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ padà wo ohun tí ẹ ṣe sí gbólóhùn yẹn nínú áàpù; bí ẹ bá yọ gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ lò níbẹ̀ tí kò sì yé e síbẹ̀, ẹ tún un kà. Ẹ kà á nínú yàrá kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ẹnu jìnnà sí máìkì bó ṣe jìnnà lákọ̀ọ́kọ́, kí gbólóhùn tuntun lè bá èyí tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ mu.